Kọ̀ǹpútà Inú Kọ̀ǹpútà: Bí Ẹ̀rọ Àtijọ́ Ṣe Lè Bá Kọ̀ǹpútà Tuntun Sọ̀rọ̀

Ẹ̀rọ a máa gbó, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ tí kò dáhùn mọ́ ni ó ti gbó. Ẹni tí ó ní ilé ìtẹ̀wé kékeré lè ra kọ̀ǹpútà tuntun lónìí, kí ó so ẹ̀rọ ìyàwòrán ìwé tí ó ti ń lò láti ọdún mẹ́wàá mọ́ ọn, kí kọ̀ǹpútà náà sì wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Iná ẹ̀rọ náà ń tàn, okùn rẹ̀ kò já, gíláàsì rẹ̀ mọ́ kedere, síbẹ̀ kò sí ohun tí ó jáde. Ohun kan náà a máa ṣẹlẹ̀ sí aránṣọ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń ya ọnà sí ọrùn agbádá, àti sí ilé ìwòsàn kékeré tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò rẹ̀ kò mọ Windows tuntun.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń sọ ni pé: «Ẹ gbé e jù nù, kí ẹ ra òmíràn.» Ṣùgbọ́n owó òmíràn kì í ṣe owó kékeré, ẹ̀rọ tí a sì fẹ́ jù nù náà kò ní àbùkù kankan. Ọ̀nà mìíràn wà tí kò gba owó púpọ̀, bí ó tilẹ̀ gba sùúrù. Ọ̀nà náà ni pé kí a dá kọ̀ǹpútà àtijọ́ sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà tuntun, kí ẹ̀rọ àtijọ́ lè bá ojúgbà rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ibi tí iṣẹ́ yìí ti máa ń há jù lọ ni ẹnu ihò USB. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí nìyẹn.

Kí ni kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà?

Kọ̀ǹpútà, tí àwọn tí ń sọ Faransé ń pè ní ordinateur, ní ara, ó sì ní ẹ̀mí. Ara rẹ̀ ni irin, wáyà àti gíláàsì tí a lè fi ọwọ́ kàn. Ẹ̀mí rẹ̀ ni ètò tí ń darí gbogbo rẹ̀, irú bí Windows tàbí Linux. Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn onímọ̀ ti rí i pé a lè fi ètò kan ṣe àfarawé ara kọ̀ǹpútà. Ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà ṣe é nígbà náà lórí àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tí ó lè gba yàrá kan tán. Ní 1999, ilé-iṣẹ́ VMware gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ jáde fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Faransé ń pe kọ̀ǹpútà àfarawé yìí ní machine virtuelle.

Èyí tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni VirtualBox. Ilé-iṣẹ́ Innotek ní Jámánì ni ó kọ ọ́. Ilé-iṣẹ́ Sun ra Innotek ní 2008, Oracle sì ra Sun ní 2010. Ẹnikẹ́ni lè gba VirtualBox lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsan owó.

Bí a bá ti fi í sínú kọ̀ǹpútà, a lè ṣí fèrèsé kan lójú kọ̀ǹpútà náà, kí a sì fi Windows 7 tàbí Windows XP sínú rẹ̀. Windows tí ó wà nínú fèrèsé yìí rò pé òun nìkan ni ó ni gbogbo kọ̀ǹpútà. Kò mọ̀ pé inú ilé ẹlòmíràn ni òun wà. Nítorí náà, a ó máa pe kọ̀ǹpútà gidi ní onílé, a ó sì máa pe èyí tí ó wà nínú fèrèsé ní àlejò.

Ògbufọ̀ ni kò sí

Kí ni ó fà á tí ẹ̀rọ àtijọ́ àti kọ̀ǹpútà tuntun kì í fi í gbọ́ ara wọn? Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní èdè tirẹ̀, Windows náà sì ní èdè tirẹ̀. Ètò kékeré kan ni ó ń dúró láàárín wọn tí ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ọ̀kan fún èkejì. Faransé ń pè é ní pilote. Àwa yóò pè é ní ògbufọ̀, nítorí pé iṣẹ́ ògbufọ̀ ni ó ń ṣe.

Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ ni ó sábà máa ń kọ ògbufọ̀ rẹ̀, Windows tí ó wà lóde nígbà náà ni ó sì ń kọ ọ́ fún. Bí Windows mìíràn bá dé lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà lè máà kọ ògbufọ̀ tuntun fún ẹ̀rọ tí kò tà mọ́. Ìdí kejì tún wà. Tẹ́lẹ̀, oríṣi Windows méjì ni ó wà: ti bíìtì 32 àti ti bíìtì 64. Windows 11, tí ó jáde ní 2021, kò ní ti bíìtì 32 mọ́. Ògbufọ̀ tí a kọ fún bíìtì 32 kò lè ṣiṣẹ́ nínú Windows bíìtì 64, bí ó ti wù kí a bẹ̀ ẹ́ tó.

Ibẹ̀ ni àlejò wa ti wúlò. Onílé lè jẹ́ Windows 11 tàbí Linux, kí àlejò jẹ́ Windows 7 ti bíìtì 32. Ògbufọ̀ àtijọ́ yóò bá àlejò yìí mu rẹ́gí.

Oníbodè tí ń ṣọ́ ihò USB

Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ tó dé ọ̀dọ̀ àlejò, ó ní ẹnubodè tí yóò gbà kọjá. Ẹni tí ó bá mọ ìlú Kétu mọ Àkàbà Ìdènà. Láyé àtijọ́, odi àti yàrà ni ó yí ìlú náà ká, ẹni tí yóò wọlé sì ní láti gba ẹnubodè. Ihò USB náà ní oníbodè tirẹ̀. Ó jẹ́ ẹ̀yà kan nínú kọ̀ǹpútà tí ń gba ohunkóhun tí a bá so mọ́ ihò náà, tí ń bi í ní orúkọ rẹ̀, tí ó sì ń kéde rẹ̀ fún Windows. Faransé ń pè é ní contrôleur USB.

USB jáde ní 1996. Kí ó tó dé, ihò pátákó tí a fi ń tẹ ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì yàtọ̀ sí ti àwọn ẹ̀rọ yòókù. USB sọ gbogbo rẹ̀ di ihò kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà ni eré rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i. USB 1.1 ti 1998 lè gbé mégábíìtì 12 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. USB 2.0 ti 2000 lè gbé 480. USB 3.0 ti 2008 lè gbé 5000. Bí eré ṣe ń pọ̀ sí i ni oníbodè ń yí padà: OHCI jẹ́ ọ̀kan lára àwọn oníbodè USB 1.1, EHCI ni ti USB 2.0, xHCI sì ni ti USB 3.0. Kí orúkọ wọ̀nyí má ṣe dẹ́rù bà yín. Ẹ ṣáà mọ̀ pé oníbodè kọ̀ọ̀kan ní èdè tirẹ̀.

Kókó ọ̀rọ̀ wa nìyí: ògbufọ̀ méjì ni a nílò, kì í ṣe ẹyọ kan. Èkíní ni èyí tí yóò jẹ́ kí Windows gbọ́ èdè oníbodè. Èkejì ni èyí tí yóò jẹ́ kí ó gbọ́ èdè ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Bí èkíní kò bá sí, asán ni èkejì, nítorí pé ẹ̀rọ náà kò tíì wọ ìlú rárá. Ènìyàn lè lo ọjọ́ kan gbáko láti máa wá ògbufọ̀ ẹ̀rọ ìyàwòrán ìwé, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹnubodè ni ọ̀rọ̀ ti há.

Oníbodè wo ni kí a yàn?

VirtualBox a máa ṣe oníbodè àfarawé fún àlejò, àwa ni a ó sì yan irú èyí tí a fẹ́. Ẹ kọ́kọ́ pa àlejò náà pátápátá, bí a ti ń pa kọ̀ǹpútà gidi. Bí ó bá wà ní títàn, tàbí bí ẹ bá kàn fi í pamọ́ sí ibi tí ó dé, VirtualBox kò ní jẹ́ kí ẹ yí oníbodè padà. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ orúkọ àlejò, ẹ tẹ Configuration, kí ẹ sì tẹ USB. Ẹ ó rí oníbodè mẹ́ta níbẹ̀: 1.1, 2.0 àti 3.0.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa yan 3.0 lójú ẹsẹ̀, nítorí pé òun ni ó tuntun jù. Fún àlejò àtijọ́, àṣìyàn ni. Windows 7 jáde ní oṣù kẹwàá 2009, nígbà tí USB 3.0 kò tíì pé ọdún kan. Kò sí ògbufọ̀ oníbodè xHCI nínú rẹ̀. Windows 8, tí ó jáde ní 2012, ni Windows àkọ́kọ́ tí ó gbé ògbufọ̀ náà wá láti ilé. Nítorí náà, ẹni tí àlejò rẹ̀ jẹ́ Windows 7 kí ó yan 2.0. Ẹni tí àlejò rẹ̀ jẹ́ Windows XP kí ó yan 2.0 bákan náà, bí ó bá jẹ́ XP tí ó ti gba àtúnṣe tí wọ́n ń pè ní Service Pack 1, 2 tàbí 3. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ Windows 8, 10 tàbí 11 lè yan 3.0 láìbẹ̀rù.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti há sí ẹnubodè? Nínú àlejò, ẹ ṣí ibi tí wọ́n ń pè ní Gestionnaire de périphériques. Bí ẹ bá rí àmì ìyanu nínú àwọ̀ òféèfèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ Contrôleur USB, oníbodè ni Windows kò gbọ́ èdè rẹ̀. Bí àmì náà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹ̀rọ yín, ẹnubodè ti ṣí, ògbufọ̀ ẹ̀rọ nìkan ni ó kù. Àmì kan tún wà: ohun ìtọ́ka tí wọ́n ń pè ní souris lè kọ̀ láti rìn nínú àlejò Windows 7 lẹ́yìn tí ẹ bá yan 3.0, nítorí pé VirtualBox sábà máa ń gba ẹnubodè kan náà gbé ohun ìtọ́ka wọlé. Ẹ pa àlejò, ẹ dá a padà sí 2.0, yóò sì rìn.

Kọ́kọ́rọ́ tí ó wà nínú ilé títì

Bí ẹnì kan bá ní ìdí láti lo 3.0 pẹ̀lú Windows 7, ògbufọ̀ kan wà fún un. Oníbodè xHCI tí VirtualBox ń ṣe àfarawé rẹ̀ jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Intel, nítorí náà ògbufọ̀ Intel ni yóò gbọ́ èdè rẹ̀, pàápàá èyí tí a kọ fún ẹbí tí wọ́n pè ní 7 Series àti C216.

Ṣùgbọ́n báwo ni ògbufọ̀ náà yóò ṣe wọ inú àlejò? Bí a bá gbé e sórí clé USB, clé náà kò lè wọlé, nítorí pé ẹnubodè kò tíì ṣí. Ó dà bí ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà nínú ilé. Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà yọ nínú ìṣòro yìí.

Èkíní, ẹ yan 2.0 ná. Ẹ fi clé gbé ògbufọ̀ náà sínú àlejò, kí ẹ tó pa á, kí ẹ sì yan 3.0. Bí ó bá tún tàn, ẹ fún un ní ògbufọ̀ tí ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Èkejì, ẹ lo àpótí tí onílé àti àlejò jọ ń lò, tí wọ́n ń pè ní dossier partagé. Kí ó tó ṣiṣẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ ti fi ètò Additions invité sínú àlejò. Inú àtòjọ Périphériques ni ẹ ó ti rí i.

Ẹ̀kẹta, ẹ di ògbufọ̀ náà sínú àwòrán CD, irú èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí iso, kí ẹ fi í sí ihò CD àfarawé tí àlejò ní. Ọ̀nà yìí kò gba ẹnubodè USB rárá.

Ẹ̀rọ kan, ọ̀gá kan

Nígbà tí oníbodè bá ti dára, ẹ tan àlejò, ẹ so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ lọ sí Périphériques, ẹ tẹ USB, kí ẹ sì yan orúkọ ẹ̀rọ náà. Lójú ẹsẹ̀ ni yóò kúrò lọ́wọ́ onílé, tí yóò sì bọ́ sọ́wọ́ àlejò. Ọba méjì kì í jẹ ní ààfin kan náà. Bí ẹ̀rọ bá wà lọ́wọ́ àlejò, onílé kò ní rí i mọ́ títí àlejò yóò fi dá a sílẹ̀. Kì í ṣe pé ohun kan bàjẹ́. Bí ó ti yẹ kí ó rí nìyẹn.

Nítorí èyí, ẹ ṣọ́ra fún clé USB. Bí onílé bá ń kọ nǹkan sórí rẹ̀ lọ́wọ́, tí ẹ sì já a gbà fún àlejò, ohun tí ó ń kọ lè bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí onílé jọ̀wọ́ rẹ̀ ná. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí àlejò náà jọ̀wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó fà á yọ.

Ẹni tí ó ń lo ẹ̀rọ kan náà lójoojúmọ́ kò ní láti máa yan orúkọ rẹ̀ nígbà gbogbo. Ó lè kọ òfin kan sínú Configuration tí wọ́n ń pè ní filtre USB. Ẹ̀rọ USB kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà méjì: ọ̀kan fún ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é, ọ̀kan fún irú ẹ̀rọ tí ó jẹ́. Nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ HP ni 03F0, ti Canon ni 04A9, ti Epson ni 04B8. Nígbà tí ẹ̀rọ tí nọ́ńbà rẹ̀ bá òfin mu bá dé, VirtualBox yóò gbé e fún àlejò láìbi ẹnikẹ́ni. Àwọn ẹ̀rọ kan sì wà tí nọ́ńbà wọn máa ń yí padà lẹ́yìn tí wọ́n bá tàn tán. Irú àwọn wọ̀nyí gba òfin méjì, ọ̀kan fún nọ́ńbà àkọ́kọ́, ọ̀kan fún èkejì. Bí ẹ̀rọ kan bá ń wọlé tí ó sì tún ń sá jáde, ẹ yẹ èyí wò.

Bí orúkọ ẹ̀rọ kò bá hàn rárá

Nígbà mìíràn, àtòjọ USB yóò ṣófo. Ní ibi yìí, onílé ni kí a yẹ̀ wò, kì í ṣe àlejò.

Bí onílé bá jẹ́ Linux, ó gbọ́dọ̀ ti kọ orúkọ yín sínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní vboxusers. Àṣẹ tí ẹ ó kọ ni sudo usermod -aG vboxusers, kí ẹ sì fi orúkọ tí ẹ fi ń wọ kọ̀ǹpútà tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, ẹ jáde kúrò nínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ tún wọlé. Ọ̀pọ̀ a máa gbàgbé ìgbésẹ̀ ìkẹyìn yìí, wọn a sì rò pé àṣẹ náà kò jẹ́.

Bí onílé bá jẹ́ Windows, ó lè jẹ́ pé nígbà tí wọ́n ń fi VirtualBox sínú rẹ̀, wọn kò yan apá tí ó jẹ mọ́ USB. Ẹ tún un fi, kí ẹ sì rí i pé apá náà wà níbẹ̀.

Ẹ tún wo ọjọ́ orí VirtualBox yín. Kí VirtualBox 7.0 tó jáde ní 2022, oníbodè 2.0 àti 3.0 kò sí nínú ètò náà gan-an. Inú àfikún kan tí ń jẹ́ Extension Pack ni wọ́n wà, nọ́ńbà àfikún náà sì gbọ́dọ̀ bá nọ́ńbà VirtualBox mu. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ fetí sí èyí: ẹni tí ó ń lò ó fún ara rẹ̀ ni àfikún náà wà fún lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tí ó ń fi í ṣe iṣẹ́ ajé ní láti ra ìwé àṣẹ. Láti 7.0 ni Oracle ti kó oníbodè méjèèjì sínú ètò ọ̀fẹ́. Ó sàn kí ẹ lo tuntun.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ohun mẹ́rin ni ó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn. Èkíní, Windows tí ẹ fẹ́ fi ṣe àlejò gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú fèrèsé ni ó wà.

Èkejì, Microsoft dẹ́kun àtúnṣe Windows XP ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin 2014, ó sì dẹ́kun ti Windows 7 ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní 2020. Ihò tí àwọn olè bá rí lára wọn lónìí, kò sí ẹni tí yóò dí i. Ẹ má ṣe fi irú àlejò bẹ́ẹ̀ ka lẹ́tà, ẹ má ṣe fi í wọ ilé ìfowópamọ́. Inú Configuration, níbi tí a kọ Réseau sí, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá. À ń gba òròmọadìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn kò jẹ́ kí òun lọ sí ààtàn lọ jẹ̀. Ẹ̀rọ ìyàwòrán ìwé kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì kí ó tó ya ìwé.

Ẹ̀kẹta, kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ni ọ̀nà yìí bá lára mu. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ̀rọ ìyàwòrán ìwé àti clé sábà máa ń ṣe dáadáa. Kámẹ́rà àti ẹ̀rọ ohùn, tí ọ̀rọ̀ wọn kò gbọdọ̀ dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, a máa kọsẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹ tó fi ògbufọ̀ kankan sínú àlejò, ẹ ya ohun tí VirtualBox ń pè ní instantané. Ó ń pa bí àlejò ṣe rí ní àkókò náà mọ́. Bí ògbufọ̀ náà bá da nǹkan rú, ẹ lè dá àlejò padà sí bí ó ti wà. Kọ̀ǹpútà gidi kì í sábà fún ènìyàn ní irú àǹfààní yìí.

Bí ẹ bá tẹ̀ lé ètò yìí, ẹ ó máa mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà: ṣé onílé ni kò rí ẹ̀rọ, ṣé oníbodè ni àlejò kò gbọ́ èdè rẹ̀, àbí ògbufọ̀ ẹ̀rọ ni ó kù? Ẹ máa bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta yìí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kí ẹ má ṣe fo ọ̀kan. Ẹni tí ó bá fi sùúrù pa èèrà ni ó ń rí ìfun inú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ gbé jù sí ààtàn lè wà lórí tábìlì yín fún ọdún bíi mélòó kan sí i, kí ó máa ṣe iṣẹ́ tí ẹ torí rẹ̀ rà á.